Bí Ẹ Ṣe Lè Darí Ẹgbẹ́ Ìtìlẹ́yìn Òṣìṣẹ́ Láìjẹ́ Kí Àárẹ̀ Ọkàn Mú Wọn

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin wa, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńlá àti ilé ìwòsàn ló ní àwọn tí òṣìṣẹ́ ń gbé ìṣòro wọn tọ̀ lọ: ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò pé, ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣaláìsí, aboyún tó fẹ́ mọ ọjọ́ tí ìsinmi ìbímọ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ olórí fún irú àwọn olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo kọ èyí fún. Ohun tí mo gbà gbọ́ gidigidi ni pé ojú àánú olórí gbọ́dọ̀ hàn nínú bó ṣe pín iṣẹ́, kó tó hàn nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìwọ̀n ohun tí ẹ ń gbé lé àwọn ènìyàn yín lọ́wọ́, nítorí pé ẹjọ́ kò dọ́gba. Ìwé CNSS (àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́) tí kò pé lè gba wákàtí méjì, ṣùgbọ́n kì í bá olùgbọ́ délé. Ọ̀rọ̀ obìnrin tí ọ̀gá rẹ̀ ń fi ìlọ̀kulọ̀ yọ lẹ́nu lè gba ogójì ìṣẹ́jú péré, kó sì máa dún lọ́kàn ẹni tó gbọ́ ọ títí di òru. Ẹ fi bí ẹjọ́ ṣe wúwo tó pín in, kí ẹni tó gba ọ̀rọ̀ ikú ní àárọ̀ má tún gba irú rẹ̀ lọ́sàn-án, kí òun fúnra rẹ̀ sì yan èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ mú. Lọ́dún 1979, Robert Karasek, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé másùnmáwo máa ń le jù níbi tí iṣẹ́ ti pọ̀ tí ẹni tó ń ṣe é kò sì ní àṣẹ lórí bí yóò ṣe ṣe é. Àṣẹ kékeré yìí kò ná iléeṣẹ́ ní sẹ́fà kan, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ olórí ń ṣahun rẹ̀ jù.

Ẹ wá yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì fún ìgbọ́ ẹjọ́, kí fóònù sì wà ní pípa níbẹ̀. Ẹ bi ẹlẹ́jọ́ léèrè èdè tó fẹ́ fi sọ̀rọ̀. Faransé ni a fi ń kọ ìwé iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ronú ní Yorùbá tàbí ní Gùn, tó sì ń wá ọ̀rọ̀ Faransé kiri nínú ìbànújẹ́ rẹ̀, yóò sọ ìdajì, yóò gbé ìdajì mì. Kí olùgbọ́ má kọ nǹkan kan sílẹ̀ títí onítọ̀hún yóò fi parí; lẹ́yìn náà ni kó tún un sọ ní ṣókí, kó bèèrè bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa, kí wọ́n tó jọ kọ ọ́. Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni «Kí ni ẹ fẹ́ kí a ṣe?», nítorí pé àwọn kan kàn fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ wọn ni, bí a bá sì sáré pe ọ̀gá wọn, a ti dá kún ìṣòro náà.

Bí ẹ bá kéré lọ́jọ́ orí sí ẹni tó wà lábẹ́ yín, ẹ kí i bí ó ti yẹ, ẹ pè é ní ẹ̀gbọ́n tàbí ìyá, ẹ sì lọ bá a níbi tó jókòó sí dípò kí ẹ ránṣẹ́ pè é. Ó ṣòro kí àgbàlagbà tó sọ àárẹ̀ rẹ̀ fún ọmọ tó ń pàṣẹ fún un.

Ní Kétu àti Ṣábẹ, àṣírí ni ohun tó gba ìrònú jù. Ẹbí ti so kọ́ra níbẹ̀. Olùgbọ́ lè jẹ́ àna ẹni tí a fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí wọ́n sì jọ pàdé níbi ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi ìlànà lélẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀: ẹni tó bá bá ẹnikẹ́ni nínú ẹjọ́ tan gbọ́dọ̀ yọwọ́, kí ẹlòmíràn sì gbà á. Bí kò bá sí ẹlòmíràn nítòsí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà ní ẹ̀ka ìlú mìíràn gbọ́ ọ lórí fóònù. Orúkọ ẹlẹ́jọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ẹgbẹ́ WhatsApp, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú tó. Àwọn olùgbọ́ náà nílò ibi tí wọ́n lè tú ọkàn wọn sí, nítorí náà ẹ pè wọ́n jọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tó wúwo fún wọn láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, láìsì sọ ohun tí a fi lè dá a mọ̀.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a ó máa ríran. Olùgbọ́ kò gbọdọ̀ yá ẹlẹ́jọ́ lówó láti inú àpò ara rẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àìsàn ń lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Aáwọ̀ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ ń lọ sọ́dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba, ẹni tí òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 ní kó gbìyànjú ìlàjà kí ọ̀rọ̀ tó dé ilé ẹjọ́. Ẹ rántí oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú, tí àwọn ọmọ ń wọlé ẹ̀kọ́ tí òbí sì ń wá owó kiri. Láti oṣù keje ni kí ẹ ti bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀ owó oṣù àsansílẹ̀.

Ní ti àárẹ̀ ọkàn fúnra rẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 2019 gẹ́gẹ́ bí ohun tí másùnmáwo iṣẹ́ tí a kò bójú tó ń fà, ó sì ka àmì mẹ́ta: okun ènìyàn á tán, ọkàn rẹ̀ á jìnnà sí iṣẹ́ tàbí kó máa fojú burúkú wò ó, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní já fáfá mọ́. Èyí tó ṣìkejì ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ẹni tó máa ń fi sùúrù gbọ́ ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé «irọ́ ni gbogbo wọn ń pa», ẹrù ti pọ̀ jù fún un. Ẹ má kàn sọ pé kó fara dà á, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba ẹjọ́ tó wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fún un ní iṣẹ́ ìwé, ẹ bi í léèrè nípa oorun rẹ̀. Bí kò bá rọrùn, ẹ bá a wá oníṣègùn.

Òfin wa fi wákàtí iṣẹ́ sí 40 lọ́sẹ̀, ìpè tí a sì ń gbà ní aago mẹ́wàá alẹ́ wà lára rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹnì kan ṣoṣo di fóònù pàjáwìrì mú lálẹ́ kan, kí àwọn yòókù pa tiwọn, kí ẹni tó dì í mú sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ ìsinmi méjì ni òfin fún òṣìṣẹ́ fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣiṣẹ́, ìyẹn 24 lọ́dún. Ẹ lò ó tán. Kí ẹ tó lọ, ẹ jókòó ti ẹni tí yóò dúró dè yín, ẹ jọ ka ẹjọ́ tó ṣì wà nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ èyí tó lè le, ẹ fa fóònù iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, kí ẹ sì sọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́ pé àṣẹ rẹ̀ ni àṣẹ títí ẹ ó fi padà.