Bí mo ṣe fi header sí ẹ́ńjìnnì Chevrolet mi àtijọ́

Ní Chicago tí mo ń gbé, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin abẹ́ ọkọ̀ wa. Chevrolet C1500 ọdún 1994 ni mo ní, ẹ́ńjìnnì V8 oní lítà 5.7. Máníífóòdù ọwọ́ òsì, irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, ti là. Bí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, á máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ títí ara rẹ̀ á fi gbóná. Mo wá pinnu pé header ni màá fi rọ́pò rẹ̀: páìpù mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí èéfín sílíńdà kan má baà dí òmíràn lọ́nà.

Header kúkúrú ni mo rà. Gígùn lágbára jù ú lọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń lé kátálísì, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, kúrò láyè rẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò sì gbà kéèyàn yọ ọ́ dànù. Ó tún ń mú kí sẹ́ńsọ̀ oxygen, tó ń wo bí oxygen ṣe pọ̀ tó nínú èéfín, jìnnà sí ẹ́ńjìnnì. Oníwáyà kan ni ti ọkọ̀ yìí, ooru èéfín nìkan ló ń jí i. Bó bá jìnnà, á tutù. Ẹni tó bá fẹ́ gígùn dandan, kó ra sẹ́ńsọ̀ oníwáyà mẹ́ta tó ń mú ara rẹ̀ gbóná. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wò ó bóyá ihò sẹ́ńsọ̀ wà lára header náà, kí ẹ sì wo irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó páìpù mọ́. Èyí tó bá fẹ́lẹ́ máa ká kò nínú ooru, á sì máa jò. Ẹ ra èyí tó nípọn tó 3/8 ínǹṣì.

Ó wá ku bóòtù tó de máníífóòdù àtijọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fín epo atúpẹtà sí wọn, láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Gate, n'Íbàdàn, kì í jẹ́ ká fi tipátipá tú bóòtù. Ẹ kọ́kọ́ yí i kó fún sí i díẹ̀, kí ẹ tó dá a padà, díẹ̀díẹ̀, síwá sẹ́yìn. Èyí tó bá ṣorí kunkun, ẹ nu epo kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ẹ mú iná jìnnà sí páìpù epo, ẹ fi iná yan bóòtù náà títí tó fi gbóná, kí ẹ wá fi àbẹ́là kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìda á yọ́ wọnú tírẹ́ẹ̀dì.

Síbẹ̀, ọ̀kan kán, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ó yọrí díẹ̀ síta, mo bá fi nọ́ọ̀tù lé e, mo jó o mọ́ ọn láti inú. (Mo ti yọ orí bátìrì tipẹ́.) Ooru yẹn ló tú ìpẹtà náà: bó ṣe tutù díẹ̀, sípánà yí i. Tó bá kán wọnú, ẹ má fi dírílì kánjú. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ihò tó bá wọ́ kì í ṣeé tún ṣe bọ̀rọ̀.

Ìyókù kò le. Ẹ kọ nọ́ńbà sára wáyà púlọ́ọ̀gì kí ẹ tó yọ wọ́n. Ẹ ha ojú irin títí tí yóò fi mọ́ tónítóní. Gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun tí wọ́n ń fi sáàárín irin méjì kó má baà jò) oníbébà tó bá inú páálí wá, mi ò lò ó. Onírin ni mo rà. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí gbogbo bóòtù tuntun wọlé, kí n tó fi sípánà fún ìkankan. Àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ń lọ sí ìpẹ̀kun méjèèjì, 20 sí 25 ft-lb (ìwọ̀n bí bóòtù ṣe gbọ́dọ̀ fún tó). Ẹ má jẹ́ kí wáyà púlọ́ọ̀gì tàbí ti stáátà fara kan páìpù o. Á jó ni.

Èéfín á rú nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣáná, nítorí epo ọwọ́ wa tó wà lára irin. Ẹ jẹ́ kó gbóná dáadáa, kó tutù tán, kí ẹ wá tún bóòtù fún, nítorí gásíkẹ́ẹ̀tì ti rọ̀ sílẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń wọlé níwájú sẹ́ńsọ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rò pé epo ò tó, á sì máa da epo kún un. Páìpù rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi wá ibi tó lè máa jò: ìdí kan létí mi, ìkejì ní ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà kẹta tí mo mú sípánà, bóòtù kankan kò yí mọ́. Mo ṣáná láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú òtútù, mi ò gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́.