Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Bá Pírópẹ́là Yí: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Ṣe Kékeré Rẹ̀

Ẹ́ńjìnnì tí mò ń sọ ni irú Gnome, tí Louis àti Laurent Seguin ṣe ní ilẹ̀ Faransé, tí Henri Farman fi gba ẹ̀bùn níbi ìdíje bàlúù ìlú Reims lọ́dún 1909. Àwọn ẹ́ńjìnnì irú rẹ̀ mìíràn, Le Rhône, Clerget àti Bentley, tẹ̀lé e. Nínú gbogbo wọn, kiránkì, ìyẹn ọ̀pá irin àárín ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n dè mọ́ ara bàlúù, kò sì gbọdọ̀ mira. Sílíńdà, ilé ẹ́ńjìnnì àti pírópẹ́là ló ń yí po lára rẹ̀. Bí èyí tẹ́ ẹ ṣe bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó yẹ kó dúró àti ohun tó yẹ kó máa yí.

Ìbéèrè: Mọ́tò kékeré oníbátìrì ni mo fi ń yí tèmi fún àwòṣe. Sílíńdà ń yí, ṣùgbọ́n písítìnnì kò sún nínú wọn.

Ìdáhùn: Kiránkì yín ń bá wọn yí ni. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan láti ìdí kiránkì dé ara pákó tẹ́ ẹ dè é mọ́, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ yí sílíńdà. Bí ìlà náà bá já sí méjì, bọ́ọ̀tì ẹ̀yìn ti dẹ̀, ẹ fún un. Bí kò bá já, ẹ wo ibi tí kọ́nẹ̀tìn-rọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnnì mọ́ kiránkì, gbé so mọ́ kiránkì náà: ó gbọ́dọ̀ yẹ̀ kúrò láàárín. Bí ẹ bá fẹ́ kí písítìnnì rin mìlímítà 20, ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 10 yẹ̀.

Ìbéèrè: Tèmi ń jó epo, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n tìtì. Mo ti so irin mọ́ kiránkì kó lè dọ́gba pẹ̀lú písítìnnì, kò ràn án.

Ìdáhùn: Ẹ yọ irin náà. Kiránkì tí kò yí kò nílò rẹ̀. Ibi tí ẹ́ńjìnnì yìí ti wù mí jù lọ nìyí. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ilẹ̀, písítìnnì á lọ, á dúró, á padà, lọ-bọ̀ yẹn ló sì ń mú un gbọ̀n. Níbí, sílíńdà ń yí po àárín kiránkì, písítìnnì ń yí po ibi tó yẹ̀ kúrò láàárín: òbírí méjì, àárín wọn ò pa pọ̀. Ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ò ní rí písítìnnì kankan tó ń lọ tó ń bọ̀. Bó bá wá ń gbọ̀n, ìwúwo ni ò bára mu. Ẹ gbé sílíńdà kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, sórí òṣùwọ̀n alágbẹ̀dẹ wúrà, kẹ́ ẹ fáìlì àwọn tó wúwo títí wọ́n á fi bá èyí tó fúyẹ́ jù dọ́gba. Ẹ ṣe sùúrù níbẹ̀. Inú irin gidi ni àwọn Seguin ti gbẹ́ sílíńdà wọn, títí ara rẹ̀ fi tín dé nǹkan bíi mìlímítà kan àtààbọ̀.

Ìbéèrè: Sílíńdà méje ni. Mo so wáyà iná láti 1 dé 7 ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ó kàn ń yìnbọn padà.

Ìdáhùn: Ẹ máa fo ọ̀kan: 1, 3, 5, 7, 2, 4, 6. Ẹ́ńjìnnì ní láti yí lẹ́ẹ̀mejì kí sílíńdà kan tó jó epo lẹ́ẹ̀kan. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe 7 tàbí 9 náà nìyẹn, tí wọn kì í ṣe 8: bẹ́ ẹ bá fo 1, 3, 5, 7 nínú 8, orí 1 lẹ tún bọ́ sí, àwọn yòókù ò ní rí iná. Ọ̀pọ̀ sì máa ń ṣì í níbí: ibi tí iná ti ń wá kì í yí, sílíńdà ló ń wá bá a. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí sí ọ̀tún, èyí tó wà lápá òsì ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà wọn.

Ìbéèrè: Ṣé ọ́ìlì mọ́tò lásán ò lè ṣe é?

Ìdáhùn: Epo lárà ni wọ́n lò láyé ọjọ́un. Inú ilé kiránkì ni pẹtiróòlù ń gbà kọjá, á sì fọ ọ́ìlì mọ́tò dànù, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti yọ́ epo lárà. Tẹ́ ẹ bá ń lo methanol, ó máa ń pò mọ́ epo lárà dáadáa. Epo yìí kì í padà sí táńkì, ìta ló ń tú sí, ẹ wọ aṣọ tó lè dọ̀tí.

Ìbéèrè: Ó ṣiṣẹ́ lánàá. Láàárọ̀ yìí ó há, kò yí mọ́.

Ìdáhùn: Ẹ má fi sítátà fipá yí i! Epo ti ṣàn sínú sílíńdà ìsàlẹ̀ mọ́jú, epo kì í sì í fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Bẹ́ ẹ bá fipá mú un, kọ́nẹ̀tìn-rọ́ọ̀dù á tẹ̀. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì àwọn sílíńdà ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ títí epo á fi dà tán, ẹ nu púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ dá a padà.

Ìbéèrè: Mo fi sínú Sopwith Camel kékeré, àwòṣe bàlúù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ayé ọjọ́un. Tí mo bá yà sí ọ̀tún, imú rẹ̀ á wọlẹ̀.

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ náà ni Camel gidi ń ṣe. Irin wúwo tó ń yí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ojú rẹ̀ padà: ẹ tì í sí ọ̀tún, imú á lọ sílẹ̀, ẹ tì í sí òsì, imú á gbéra. Kò sí ohun tó bàjẹ́ lára rẹ̀. Ẹ máa yà díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fa imú sókè díẹ̀ bẹ́ ẹ ti ń yà sí ọ̀tún, kẹ́ ẹ má sì gbìyànjú ẹ̀ nítòsí ilẹ̀.