Owó Yín Ń Ṣòfò ní Cape Coast: Àwọn Àṣìṣe Tí Mo Ń Rí Lọ́dọọdún

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kó àwọn èèyàn wa láti Èkó àti Ìbàdàn lọ wo àwọn ilé olódi etí òkun ní Gánà, níbi tí wọ́n ti ń ti àwọn ẹrú mọ́ túbú kí wọ́n tó kó wọn sọkọ̀. Bí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ará òkè òkun ń wọlé, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Inú mi máa ń dùn pé wọ́n fẹ́ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé owó gidi ni wọ́n ń ná, wọn kì í sì í rí nǹkan gidi mú bọ̀. Wọ́n á dé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọ mọ́tò. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ bi wọ́n pé ta ló kọ́ ilé ọ̀hún, wọ́n á máa wojú yín.

Ẹni tó ti pinnu pé òun ń lọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ìwé ìrìnnà ti wà lọ́wọ́ yín, yẹ́lò káàdì ti wà nínú àpò. Ẹ sì ti mọ̀ pé ìlú méjì ni à ń sọ: Cape Coast, tí àwọn Fante onílé ń pè ní Oguaa, àti Elmina, tí wọ́n ń pè ní Edina, tó wà ní nǹkan bíi kìlómítà 12 sí ìwọ̀ oòrùn rẹ̀.

Èkíní: ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo ṣe gbogbo rẹ̀

Láti Accra dé Cape Coast tó nǹkan bíi kìlómítà 145. Létí, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kasoa rí mọ̀ pé wákàtí lè lọ láìjẹ́ pé táyà yí. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á háyà mọ́tò ní Accra láàárọ̀, wọ́n á ní àwọn fẹ́ rìn lórí afárá okùn inú igbó Kakum, àwọn fẹ́ wo Cape Coast, àwọn fẹ́ wo Elmina, kí àwọn sì padà sùn sí Accra lálẹ́.

Mo ti gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ìdílé kan ni, àwọn méje, pẹ̀lú màmá wọn àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Elmina gan-an ni màmá yìí torí ẹ̀ wá, nítorí pé ó gbé Gánà nígbà ọmọdé, kí wọ́n tó lé àwọn àjèjì kúrò ní 1969, bàbá rẹ̀ sì máa ń tajà dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ní Kakum ni kí a kọ́kọ́ lọ. Mo gbà fún wọn. Ìgbà tí a fi kúrò ní Kakum, tí a sáré gba inú Cape Coast já, tí a dé Elmina, wọ́n ti ti ìlẹ̀kùn. Màmá jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá omi Benya, ó ń wo ògiri funfun náà láti òdìkejì. Kò bínú sí mi, kò sọ nǹkan kan. Èmi ni mo jẹ̀bi, torí èmi ni mo mọ ọ̀nà, èmi ló yẹ kí n sọ pé rárá.

Láti ọjọ́ náà, n kì í gba iṣẹ́ ọjọ́ kan mọ́. Ẹ sun oorun ọjọ́ méjì ní Cape Coast. Kò wọ́n jù ú lọ, torí owó mọ́tò tí ẹ háyà tó ń dúró dè yín látàárọ̀ dalẹ́ ló ń jẹ owó yín. Ẹ wọ ọkọ̀ èrò láti Kaneshie ní Accra, kí ẹ wọ takisí lọ sí Elmina ní ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá dé ẹnu géètì láago mẹ́sàn-án àárọ̀ á rí ilé náà ní ìdákẹ́rọ́rọ́, kí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé tó dé.

Èkejì: bàtà gogoro. Òkúta ni ilẹ̀ túbú, ó rí gbágungbàgun, ó sì ń yọ̀. Ẹ fi í sílé.

Ẹ̀kẹta: owó àlejò àti owó ọmọ Gánà kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ má purọ́ pé ọmọ Gánà ni yín. Ẹ sanwó, ẹ wọlé.

Ẹ̀kẹrin: àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan máa ń dúró níta, wọ́n á kí yín dáadáa, wọ́n á béèrè orúkọ yín. Ẹ ó dáhùn, torí ọmọlúàbí ni yín. Kí ẹ tó jáde, wọ́n á ti kọ orúkọ yẹn sára ìkarahun, “Fún arákùnrin mi Káyọ̀dé,” wọ́n á sì ní kí ẹ sanwó rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ rà á. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ kí wọn padà láìdárúkọ, ẹ máa lọ. Ìjà tí mo ti là lórí ìkarahun kò lóǹkà.

“Ibí ni wọ́n gba kó àwọn baba wa lọ”

Èyí ló ń dùn mí jù, ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Àwọn èèyàn wa á wọ túbú Cape Coast, wọ́n á bú sẹ́kún, wọ́n á ní ibí ni wọ́n gba kó àwọn baba ńlá wa láti Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá lọ sí Bràsíìlì. Ẹkún náà tọ́. Ibi tí ó yẹ kí èèyàn sunkún ni. Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì wọ ilé náà pẹ̀lú ìtàn tí kì í ṣe tibẹ̀ kò ní gbọ́ ti àwọn tó jìyà níbẹ̀ gan-an.

Ẹ wò ó. Àwọn ará Súwídìn ló kọ́kọ́ kọ́ odi sójú ibẹ̀ ní 1653, wọ́n pè é ní Carolusborg. Láàárín ọdún 1664 sí 1665, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á, wọ́n sì fi í ṣe olú ilé iṣẹ́ òwò wọn ní gbogbo etíkun náà. Àwọn tí wọ́n tì mọ́bẹ̀, ilẹ̀ Akan àti àríwá Gánà òde òní ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú wọn wá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ́n láti ọjà Salaga àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ Kofi àti Kwaku àti àlọ́ Anansi aláǹtakùn, ti àwọn Akan, fi kún Jàmáíkà. Ní 1807, òfin Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí òwò ẹrú láàárín àwọn èèyàn wọn, túbú Cape Coast sì kúrò nínú òwò náà. Ìgbà wo wá ni Ọ̀yọ́ ilé tú? Ìgbà wo ni ogun Òwu jà, tí àwọn ìlú Ẹ̀gbá fọ́? Lẹ́yìn 1807 ni. Púpọ̀ jù nínú àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó dé Bahia àti Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Nàgó àti Lukumí lọ́hùn-ún, Wídà àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, Àgbádárìgì àti Èkó ni wọ́n ti wọkọ̀.

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ baba yín lẹ fẹ́ tọ̀, ojú ọ̀nà Cape Coast lẹ ó ti kọjá ibẹ̀. Wídà wà níbẹ̀, pẹ̀lú odi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1721, tí wọn kò fi sílẹ̀ títí di 1961. Àgbádárìgì wà níbẹ̀, tí ẹ lè lọ láti Èkó kí ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Ọkùnrin kan, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń gbé Amẹ́ríkà, ná owó ńlá lọ́dún kan láti wá ta ọtí sílẹ̀ fún àwọn baba rẹ̀ ní Cape Coast. Ó gbé aṣọ òfì wá, ó gbé obì wá, ó san owó fún ẹnì kan níta tó ní òun lè bá a pe àwọn òkú ọ̀run. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀. Mo dákẹ́, torí ó ń sunkún, ó sì ti sanwó mi. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó kàwé, ó mọ̀, ó pè mí, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ̀, ẹ ò sọ fún mi.” N kò rí èsì fọ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí fún gbogbo èrò kí a tó kúrò ní Èkó nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan á gba owó wọn padà.

Ohun tó wá jẹ́ tiwa gan-an, wọn kì í wò ó. Elmina ni. Nígbà tí Diogo de Azambuja àti àwọn Potogí dé ibẹ̀ ní 1482, wúrà ni wọ́n bá wá. Ẹrú kọ́. Àwọn oníwúrà tó ń ti inú igbó wá nílò aláàárù tí yóò ru ẹrù wọn padà, ni àwọn Potogí bá ń lọ ra èèyàn lápá Ìbìní, wọ́n ń kó wọn wá tà ní Elmina. Wọ́n ń kó èèyàn wọlé síbẹ̀ kí wọ́n tó máa kó wọn jáde! Duarte Pacheco Pereira, ọ̀kan nínú àwọn Potogí tó kọ́kọ́ kọ nípa Ìjẹ̀bú sílẹ̀, tó sọ ti yàrà ńlá tó yí ìlú náà ká àti ẹ̀gbà bàbà tí wọ́n fi ń ra èèyàn níbẹ̀, òun kan náà ló ṣe olórí ilé olódi Elmina láti 1519 sí 1522. Mo ti mú ọmọ Ìjẹ̀bú tó pọ̀ wọ àgbàlá yẹn. Ó ṣọ̀wọ́n kí n rí ẹyọ kan tó ti gbọ́ èyí rí.

Ẹ má fi afinimọ̀nà sílẹ̀

Ẹ ti sanwó rẹ̀ mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan á ní àwọn ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á yà sọ́tọ̀, wọ́n á máa ya ara wọn ní fọ́tò nínú túbú, ehín síta. Mo bẹ̀ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín nínú túbú. Nínú túbú àwọn ọkùnrin ní Cape Coast, afinimọ̀nà á fi àmì hàn yín lára ògiri, ibi tí ìdọ̀tí àwọn èèyàn ga dé kí wọ́n tó wá wú u kúrò. Ó sì tún máa sọ fún yín pé lórí túbú yẹn gan-an ni wọ́n ti ń ṣe ìsìn. Ẹ wo òkè, ẹ wo ilẹ̀. Ẹni tó dá rìn kò lè mọ̀.

Ẹ dúró díẹ̀ nínú àgbàlá náà pẹ̀lú. Sàréè Philip Quaque wà níbẹ̀. Ọmọ Cape Coast ni, 1741 ni wọ́n bí i. Wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi joyè àlùfáà, ní 1765, tó fi ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ṣáájú Àjàyí Crowther wa. Ó padà sílé ní 1766, ó ń kọ́ ọmọdé níwèé, ó ń wàásù nínú ilé olódi náà títí ó fi kú ní 1816. Ogójì ọdún lé ọ̀kan nínú rẹ̀, àwọn ẹrú wà lábẹ́ ilẹ̀ tó ń tẹ̀. Mo máa ń dúró níbẹ̀ pẹ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn kì í tán nínú mi.

Ní Elmina, ẹ kọ́kọ́ gun òkè St. Jago kí ẹ tó wọ ilé olódi. Àwọn èèyàn kì í gùn ún, wọ́n ní oòrùn mú. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Họ́láǹdì wọ́ àgbá lọ ní 1637, tí wọ́n ń yìnbọn sílẹ̀ títí tí àwọn Potogí fi juwọ́. Bí ẹ bá dé ṣóńṣó orí òkè náà, ojú yín á sọ fún yín ìdí tí ilé tó nípọn bẹ́ẹ̀ fi ṣubú. Lẹ́yìn náà, ẹ wá inú ilé, kí ẹ béèrè yàrá tí wọ́n ti Prempeh Kìíní, ọba Asante, mọ́ ní 1896, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sàró, kí wọ́n sì tó gbé e kọjá sí Seychelles. 1924 ló tó padà délé.

Ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ni ọdún Fetu Afahye ní Cape Coast. Bí kì í bá ṣe ọdún lẹ wá wò, ẹ yàgò fún ọ̀sẹ̀ yẹn, yàrá kì í sí.

Ìlẹ̀kùn

Ní ìparí ìrìn yín nínú ilé olódi Cape Coast, afinimọ̀nà á ṣí ìlẹ̀kùn tó kọjú sí òkun. Ọ̀pọ̀ á yọjú, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á yí padà. Ẹ jáde. Ẹ kọjá sí ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá, sáàárín àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe, kí ẹ wá yí ojú padà sí ògiri. Wọ́n kọ ọ́ sókè níbẹ̀ pé Ẹnu-ọ̀nà Ìpadàbọ̀ ni. Ní 1998, wọ́n gbé egungun èèyàn méjì gba ẹnu-ọ̀nà yìí wọlé padà, ọ̀kan láti Jàmáíkà, ọ̀kan láti Amẹ́ríkà.

Assin Manso, lójú ọ̀nà Kumasi, ni wọ́n sin wọ́n sí. Odò tí àwọn ẹrú ti ń wẹ̀ kẹ́yìn kí wọ́n tó rìn dé etí òkun wà níbẹ̀. Ẹ fi àárọ̀ ọjọ́ kẹta sí i kí ẹ tó padà sí Accra, kí ẹ wọ bàtà tó rọrùn láti bọ́, torí ẹsẹ̀ lásán la máa ń fi sọ̀ kalẹ̀ lọ bá omi.