Ímeèlì iṣẹ́ wa kò jáde, wọ́n ní láptọ́ọ̀pù ló bàjẹ́

15,000 náírà ni mo san kí wọ́n fi fọ́ọ̀mátì láptọ́ọ̀pù tí nǹkan kan ò ṣe, ìyẹn ni kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n tún Windows tò. Gbogbo lẹ́tà iṣẹ́ wa bá fọ́ọ̀mátì yẹn lọ, àìsàn tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wò kò sì kúrò. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹja yíyan là ń tà níbí, ní Ẹ̀pẹ́: àrọ̀, òbòkún, epìyà, edé nígbà tó bá wà. A ó ti wà ní ọjà Olúwo kí àwọn alájàpá tó kó èyí tó dáa lọ, a ó yan án, a ó dì í, a ó fi ránṣẹ́ sí àwọn òtẹ́ẹ̀lì lọ́nà Lẹ́kí. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kì í sanwó lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp. Akáúńtàǹtì wọn fẹ́ rí ínfóísì, ìwé tí a fi ń béèrè owó, nínú ímeèlì, láti àdírẹ́ẹ̀sì tó ní orúkọ iléeṣẹ́ wa nínú. Tí ínfóísì ò bá dé, owó ò ní jáde, apẹja ò sì ní dúró dè mí.

Thunderbird, ètò kan tí a fi ń ka ímeèlì lórí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò, torí nẹ́tíwọ̀kì àdúgbò wa a máa lọ a máa bọ̀, mo sì fẹ́ kí lẹ́tà wà lórí láptọ́ọ̀pù kí n lè kà á nígbà tí kò bá sí. Ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló tò ó fún mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Mo délé, mo tan dátà fóònù mi sí i: lẹ́tà ń wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀kan ò jáde. Ínfóísì á dúró sójú kan, lẹ́yìn tó bá ti pẹ́ gan-an ni yóò wá sọ pé sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé lẹ́tà jáde, kò dá òun lóhùn.

Mo gbé e padà lọ. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún.

"Mummy, fáírọ́ọ̀sì ti wọ Windows yín. Ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Kò sóhun tó máa sọnù, mà."

Mo ní, "Àbúrò, orí láptọ́ọ̀pù yìí kan náà ni mo ti ṣí webmail, ímeèlì wa lójú ìkànnì, láàárọ̀, mo sì fi ínfóísì ránṣẹ́, ó lọ. Ṣé fáírọ́ọ̀sì yẹn kò rí webmail ni?"

Kò fèsì sí i, àmọ́ èsì ọ̀rọ̀ wa wà níbẹ̀. Tí lẹ́tà bá gba webmail jáde lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, pẹ̀lú dátà kan náà, àkáǹtì yín kò bàjẹ́, láptọ́ọ̀pù yín kò bàjẹ́. Ó ku bí Thunderbird ṣe ń bá sáfà pàdé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun ti wà nídìí iṣẹ́ yìí tipẹ́.

Ó fọ́ọ̀mátì ẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà jáde. Nílé, kò jáde. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé POP, ọ̀nà tó ń kó lẹ́tà kúrò lórí sáfà wá sórí láptọ́ọ̀pù, ló fi to àkáǹtì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí sáfà máa pa lẹ́tà rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ 14. Èyí tó bá ti ju ọjọ́ 14 lọ, orí láptọ́ọ̀pù nìkan ló wà. Èyí tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́ ńkọ́? POP kì í gbé ìyẹn sórí sáfà rárá. Àdéhùn iye owó, orúkọ àwọn tó ń gba ẹja lọ́wọ́ wa, gbogbo rẹ̀ pátá.

Iléeṣẹ́ tí a gba ààyè ìkànnì lọ́wọ́ wọn ní sáfà àwọn ń ṣiṣẹ́, kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tó to kọ̀ǹpútà mi. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè port tí mò ń lò, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà lórí sáfà.

Ni mo bá jókòó tì í fúnra mi. Mo wọ cPanel, ibi tí a ti ń ṣàkóso ààyè ìkànnì wa, mo tẹ Email Accounts, mo tẹ Connect Devices. Gbogbo nọ́ńbà tó yẹ wà níbẹ̀: 993 fún IMAP, ọ̀nà tí a fi ń ka lẹ́tà tó wà lórí sáfà, 465 fún SMTP, ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà jáde. Mo wá ṣí Account Settings nínú Thunderbird láti fi wọ́n wéra. Ti lẹ́tà tó ń wọlé ló hàn ní Server Settings. Ti èyí tó ń jáde kò sí níbẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá lápá òsì ló wà, níbi tí wọ́n kọ Outgoing Server sí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ Edit. Port 25. Connection security: None.

Nọ́ńbà 25 yìí gan-an ló gba owó lọ́wọ́ mi. Láti 1982 tí wọ́n ti kọ ìlànà SMTP ni 25 ti wà, iṣẹ́ rẹ̀ lónìí sì ni kí sáfà máa gbé lẹ́tà fún sáfà. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹja ní Olúwo kọ́ ni oníbàárà ń gbà wọ ọjà. Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà olókọ̀ǹpútà ránṣẹ́ jìbìtì ń gba 25 jáde, nítorí náà ọ̀pọ̀ nẹ́tíwọ̀kì tì í pa mọ́ àwọn oníbàárà wọn. Wọ́n ti ya 587 sọ́tọ̀ fún èmi àti ẹ̀yin láti 1998. Ìlànà ọdún 2018 sì fọwọ́ sí 465 fún iṣẹ́ kan náà. Nẹ́tíwọ̀kì ṣọ́ọ̀bù ọmọkùnrin yẹn kò ti 25. Tèmi tì í. Kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ pé mò ń méfò, nítorí náà mo dán an wò. Mo ṣí PowerShell, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, mo kọ Test-NetConnection, mo kọ orúkọ sáfà wa, mo fi -Port 25 sí i. Ó dúró, ó dúró, ó ní TcpTestSucceeded: False. Mo yí i sí 465. True, lójú ẹsẹ̀! Mo pariwo débi pé àwọn tó ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé sáré wọlé.

Mo fi 465 síbẹ̀, mo yan SSL/TLS tó ń dáàbò bo lẹ́tà lójú ọ̀nà, mo yan Normal password, mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì ímeèlì wa lódindi sí User Name. Ínfóísì lọ. Mo pa ti POP rẹ́, mo fi IMAP tò ó, kí lẹ́tà máa wà lórí sáfà bí láptọ́ọ̀pù tilẹ̀ jóná.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí: mo yí pásíwọ́ọ̀dù padà torí ọmọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n, lẹ́tà tó ń jáde tún kọ̀. Pásíwọ́ọ̀dù méjì ni Thunderbird ń tọ́jú, ti ìwọlé lọ́tọ̀, ti ìjáde lọ́tọ̀. Ẹ lọ sí Saved Passwords, ẹ pa èyí tó ní imap àti èyí tó ní smtp rẹ́, yóò tún wọn béèrè.

Mo ti bá a sọ̀rọ̀ pé kó dá 15,000 padà. Ó ní òun ṣiṣẹ́. Ní tàwọn lẹ́tà tó lọ, mò ń bẹ àwọn òtẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fi èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn ránṣẹ́ padà sí mi, pàápàá èyí tí àdéhùn iye owó òbòkún wà nínú rẹ̀.