Àlejò òkè òkun lásìkò ọyẹ́: ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì ó dé Àbújá

Ẹ̀yin ará wa l'Ábùújá, bí ẹ bá lẹ́ni tó fẹ́ sá fún òtútù Lọ́ńdọ̀nù tàbí Kánádà wá bá yín láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kìíní, ẹ ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó máa gbé e dé Àbújá. Kó má ra ti Èkó lọ́tọ̀, kó wá ra ti bàálù abẹ́lé lé e. Tí eruku ọyẹ́ bá bo ojú ọ̀run, bàálù abẹ́lé lè má gbéra fún wákàtí gbọọrọ, pàápàá láàárọ̀. Tí tíkẹ́ẹ̀tì bá sì ti jẹ́ méjì, iléeṣẹ́ bàálù àkọ́kọ́ ti parí iṣẹ́ tiẹ̀ l'Ékòó nìyẹn. Ká má tíì sọ ti wàhálà Ìkẹjà: kí èèyàn wọ́ àpótí ńláńlá jáde, kó tún wọ mọ́tò lọ síbi tí bàálù abẹ́lé wà, torí wọn ò sí lójú kan náà. Àmọ́ o, eruku lè pọ̀ débi tí bàálù tó ń bọ̀ l'Ábùújá gan-an á fi yà sí Èkó. Ọrùn iléeṣẹ́ bàálù tó ta tíkẹ́ẹ̀tì ni gbígbé àlejò yín dé Àbújá wà nígbà náà. Kó mú súwẹ́tà dání pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá mú un dé Jos, òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣẹgbẹ́ ti Àbújá.