Liblept méjì lórí kọ̀ǹpútà kan: bí mo ṣe yanjú ẹ̀

Àwọn bàbá ẹgbẹ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí fẹ́ kí n sọ ìwé ìpàdé wọn di ohun tí wọ́n lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Tesseract, ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán, mọ Yorùbá kà, torí náà mo build ẹ̀yà 5 láti source (mo fi kóòdù rẹ̀ kọ́ ọ fúnra mi) lórí Ubuntu 22.04, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà mi. `make`, àṣẹ tó ń build, parí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí mo ṣe pè é báyìí:

symbol lookup error: undefined symbol

Ìyẹn ni pé ó wá nǹkan kan nínú láíbìrì (fáìlì tí ètò ń yá iṣẹ́ lò nínú rẹ̀), kò rí i. Ẹ má wulẹ̀ tún un build, bákan náà ló máa rí. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti ń mú liblept, ìyẹn fáìlì láíbìrì Leptonica tó fi ń bójú tó àwòrán:

ldd $(which tesseract) | grep lept

/usr/local/lib/liblept.so.5 ló gbé jáde. Tòkunbọ̀ ni laptop yìí, ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ló fi fáìlì Leptonica àtijọ́ síbẹ̀. Èyí tí apt (ètò tí Ubuntu fi ń gba ètò wọlé) gbé wá wà ní /usr/lib/x86_64-linux-gnu, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Nígbà tí mo ń build, ti apt ni gcc, ètò tó ń sọ kóòdù di ètò, kọ́kọ́ rí. Nígbà tí mo pè é, /usr/local/lib ni Ubuntu kọ́kọ́ wò. Àfi bí ìgbà tá a pe Àjàní nínú agboolé tí Àjàní méjì wà, tí èyí tá ò pè jáde.

Mo kó ti àtijọ́ kúrò níbẹ̀, mo sì fi ldconfig ní kí Ubuntu tún àkọsílẹ̀ láíbìrì rẹ̀ ṣe:

mkdir ~/lept-atijo
sudo mv /usr/local/lib/liblept* ~/lept-atijo/
sudo ldconfig

Ó ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, mi ò tún nǹkan kan build.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kọ LD_LIBRARY_PATH (tó ń sọ ibi tí ètò máa kọ́kọ́ wá láíbìrì) sínú .bashrc, fáìlì tí terminal ń kà bó bá ṣí. Èmi ò fẹ́ ẹ: gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ṣí láti terminal ló máa kàn. Bí ètò míì bá ń fẹ́ láíbìrì àtijọ́ yẹn, iwájú àṣẹ ẹyọ kan ṣoṣo náà ni kẹ́ ẹ kọ LD_LIBRARY_PATH sí.