Fọ́tò bàálù tí wọ́n fọ sódì

Bàbá kan tó múlé ti wa níbí ní London ló kó fọ́tò mẹ́ta fún mi lóṣù tó kọjá. Ẹni tó bí wọn ló kó o bọ̀ láti Ogun Àgbáyé Kejì. Mẹkáníìkì ni ẹni yẹn lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ogun òfurufú Gẹ̀ẹ́sì, ní Líbíà àti Sísílì. Bàbá mọ̀ pé Messerschmitt Bf 109, bàálù ogun Jámánì, ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Èwo nínú Bf 109 ni wọn ò mọ̀ (lẹ́tà ni wọ́n fi ń pe irú kọ̀ọ̀kan, bí E, F, G títí dé K, nọ́ńbà ẹ̀yìn lẹ́tà sì ni ẹ̀dà rẹ̀), wọ́n sì ti gbọ́ pé mo máa ń da ara mi láàmù lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò kìíní ò gbà mí ní ìṣẹ́jú méjì. Etí apá bàálù yẹn gé pẹrẹsẹ bí ẹni fi ayùn gé e, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lábẹ́ ìyẹ́ ìdí rẹ̀ tó tì í lẹ́yìn. E nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣe F ni wọ́n yọ ọ̀pá yẹn, tí etí apá sì di roboto.

Ẹ̀kẹta náà rọrùn. Kókó méjì wú síwájú gíláàsì awakọ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó ki àkàrà bọnu. Ìbọn onímìlímítà 13 ló fà á. Ó tóbi ju èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n kọ "Sicily, 1943" sẹ́yìn fọ́tò. Mo kọ G-6.

Ìkejì ló fìyà jẹ mí. Bàálù wà nínú iyanrìn, àwọn ọkùnrin márùn-ún tí ò wẹ̀wù dúró níwájú ìrù rẹ̀, wọ́n bo ibẹ̀ pátá. Imú bàálù kọjú sọ́tùn-ún, ìyẹn ni pé apá ọ̀tún rẹ̀ ló hàn, asẹ́ iyanrìn gígùn sì wà níbẹ̀ lẹ́nu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀, láti orí E títí dé K, apá òsì ni ẹnu yẹn máa ń wà. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi rò pé bóyá àwọn mẹkáníìkì ló tún un ṣe láàárín aṣálẹ̀. Ìsọkúsọ! Nọ́ńbà 8 ló wà lára rẹ̀, àgbélébùú sì tẹ̀lé e. Ẹ yí méjèèjì sódì, bákan náà ni wọ́n máa rí. Aago ọwọ́ ló là mí lójú: mẹ́ta nínú àwọn ọkùnrin yẹn ló so aago, ọwọ́ ọ̀tún sì ni gbogbo wọn so ó sí. Ẹni tó fọ fọ́tò ló dojú fíìmù dé.

Mo fi fóònù yà á, mo yí i padà, mo fẹ̀ ẹ́ lójú. Gíláàsì kékeré onígun mẹ́ta kan wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú. G-2 ò ní in. F ló ní in. F-2 ni àbí F-4? Inú ẹ́ńjìnnì ni ìbọn tó fi yàtọ̀ wà, fọ́tò ò lè fi hàn. F lásán ni mo kọ.

Nígbà tí mo gbé èyí tí mo yí padà lọ fún Bàbá, wọn ò tilẹ̀ wo bàálù. Wọ́n gbé ìka lé ọkùnrin kejì lórí, níbi tó ti la irun rẹ̀. "Apá ibí yìí náà ló máa ń là á sí," ni wọ́n wí.